Jákẹ́ẹ̀tì Tí Mo Yí Sójú Rere

Péléńgẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ẹni tó rí ọ níwájú. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Mo gbà á ládùúrà kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Ní tèmi, orúnkún ń ro mí, ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ni mo fi ń kọ̀wé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà sọ pé ìròyìn kan ni kí ìpínrọ̀ kan máa gbé, nítorí náà ní sùúrù fún mi, mo máa sọ ẹrù mi kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé Farabalẹ̀ ti kú. O rántí rẹ̀: kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, ọkùnrin gíga tó máa ń dúró létí pápá, tí á máa ké pé, "Ẹ fara balẹ̀! Ẹ fara balẹ̀!" nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Orí èjìká bàbá àgbà rẹ lo ti máa ń wò ó nígbà tí o wà ní kékeré. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fi góòlù kan na ẹgbẹ́ wa. Bí fèrè ìparí ṣe dún ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò bọ̀.

Inú ọṣẹ lọwọ́ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí igbe ta. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fi oníbàárà sílẹ̀ ní ààbọ̀ orí, ó bọ́ síta, ó káwọ́ lérí. Oníbàárà náà tẹ̀ lé e tòun ti aṣọ ìfárí lọ́rùn, apá kan orí rẹ̀ ń dán, apá kejì ṣú dùdù. Àwọn méjèèjì ń sunkún. Mo rò pé ilé ń jó ni, mo ti gbé korobá omi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi lójú. Ṣé kì í ṣe onígbàjámọ̀ yìí kan náà ló ń pariwo lọ́dún tó kọjá pé kí wọ́n lé Farabalẹ̀ lọ, pé ewúrẹ́ òun mọ bọ́ọ̀lù jù ú lọ? Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo sọ ọ́ sí i létí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹni tí a fẹ́ràn là ń bú." Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bóyá òótọ́ ni, nítorí èmi náà, ta ni mo bú tó bàbá àgbà rẹ?

Bàbá àgbà rẹ gan-an ńkọ́? Ọkùnrin tó dúró gbagidi bí òpó níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bá a níbi tó jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan, omijé ń kán sórí aṣọ aláṣọ. Mo ní, "Olówó orí mi, ṣé ọkùnrin yìí mọ orúkọ yín ni?" Ó mirí. Mo ní, "Ṣé ó fún yín ní nǹkan rí?" Ó kọ́kọ́ mirí, ó wá ní, "Gbogbo Sátidé ayé mi ló fún mi."

Ó kan ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì wàyí. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan. Bàbá àgbà rẹ ló rán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti máa ń kó o wá fún mi lódì, aṣọ inú wà níta, gbogbo ojú ìrán hàn, mo sì ti gbà pé ọ̀lẹ ló ń dà wọ́n láàmú. N kì í bá wọn wí. Màá yí i sójú rere, màá fọ̀ ọ́, màá lọ̀ ọ́, nítorí alágbàfọ̀ tó bá dá aṣọ padà fún olówó rẹ̀ lódì, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Lẹ́yìn ikú náà, wọ́n kó gbogbo jákẹ́ẹ̀tì wọn wá kọ́ sára wáyà tó yí pápá ká, lọ́ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi. Òjò rọ̀ sí i. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó rí bí adìẹ tí òjò pa, ẹrẹ̀ ta sí i lára, gbogbo rẹ̀ lódì. Àánú ṣe mí. Mo ní ọ̀fọ̀ ti mú kí àwọn èèyàn yìí gbàgbé aṣọ wọn. Mo kó o, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ títí kọ́là fi dúró bí etí ehoro, n kò sì gba kọ́bọ̀. Mo dá a padà sára wáyà lójú rere. Mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ọpẹ́.

Ọpẹ́ kọ́ ni mo rí. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Alága wọn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ lanu: "Yéè! Ta ló yí i padà?" Èmi náà yangàn, mo ní èmi ni. Ẹnì kan ní, "Ìyá ti fọ̀ ọ́ dànù!" Òmíràn ní, "Ẹ fi ìyá sílẹ̀, wọn ò mọ̀." Wọ́n dá a lóhùn pé, "Báwo ni wọn ò ṣe ní mọ̀? Ìyàwó télọ̀!" Bàbá àgbà rẹ mú tirẹ̀, ó fọwọ́ pa ojú ìlọ̀ tó wà lápá rẹ̀, ó kọjá lára mi bí ẹni tó kọjá lára òpó iná.

Onígbàjámọ̀ ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé. Ó ní nígbà kan rí, wọ́n ń na ẹgbẹ́ wa, Farabalẹ̀ fi ìkánjú wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sódì, ni àwa náà bá gbá góòlù wọlé. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń nà wá, á yí tirẹ̀ sódì, àwọn èèyàn rẹ̀ á yí tiwọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà lórí pápá àfi tí góòlù bá wọlé. Ní Sátidé tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n yí i, góòlù kò wọlé. Wọ́n wá búra pé títí ẹgbẹ́ yóò fi tún gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, òdì ni yóò wà, pé eré Farabalẹ̀ kò tíì parí. Mo ní, "Ṣebí mo ti ń yí i padà fún yín láti ọjọ́ yìí, ẹ ò bá mi jà?" Ó ní, "Ìyá, nígbà yẹn, a mọ̀ pé Sátidé mìíràn ń bọ̀."

Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá àgbà rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá gbóúnjẹ kalẹ̀, á jẹ ẹ́, á fọ abọ́ rẹ̀, á lọ jókòó ti ẹ̀rọ. A ti jà rí, o kúkú mọ̀ wá, ṣùgbọ́n ariwo la fi ń jà. Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni eyín yóò ṣe bá ahọ́n tó dákẹ́ parí ìjà? Ẹ̀rù bà mí pé báyìí la ó ṣe lo ìyókù ayé wa.

Lánàá, ìyàwó olóògbé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì ni. Jákẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wà lápá rẹ̀, lódì, bí wọ́n ṣe bọ́ ọ lára rẹ̀ ní ọsibítù, abíyá rẹ̀ ti ya. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ yí ti àwọn ará ibí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí eléyìí. Tí wọ́n bá nà wọ́n, bó ṣe wọ̀ ọ́ náà ló ń wọ̀ ọ́ bọ̀ wálé. Èmi ni mo máa ń yí i padà fún un. Ó ní tí mo bá ti yí i, ìyà ọjọ́ yẹn tán nìyẹn. Ọwọ́ mi wá kọ̀ ọ́ báyìí." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ.

Èmi tí mo ti yí aṣọ gbogbo àdúgbò, ọwọ́ tèmi náà kọ̀. Òórùn ọkùnrin náà ṣì wà lára rẹ̀. Bí mo bá yí i, àwọn èèyàn Farabalẹ̀ á ní mo tún ti dé. Bí n kò bá yí i, obìnrin yẹn ńkọ́? Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà rẹ wọlé. Mo sọ ohun tí obìnrin náà sọ, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tó ya. Ó ní, "Bá mi wá abẹ́rẹ́." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nídìí wíwá a. Bó ṣe jókòó, mo ní, "Ṣé kí n yí i fún yín?" Ó wò mí. "Ìyàwó télọ̀, o ò tíì mọ̀ síbẹ̀? Òdì la ti ń tún aṣọ rán." Nígbà tó gé okùn, ó na apá kan sí mi, ó di apá kejì mú. A jọ yí i. N kò fọ̀ ọ́, mo kàn nù ún, mo fi kọ́.

Ó wá lọ sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà fún Alága. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń mú jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ti yí sódì kúrò lára wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń gbé tirẹ̀ lọ bá ẹni tí yóò bá a yí i. Bàbá àgbà rẹ ní kí n bá òun lọ wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ṣé ó ti dárí jì mí ni, àbí ó kàn rẹ̀ ẹ́? Kí ni wọ́n sì ń sunkún lé lórí gan-an, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n àbí ara wọn? Ìwọ tí o ti orí èjìká wò ó, kọ̀wé sí mi, là mí lóye.

Kí Ẹlẹ́dàá máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O ò ní rí ẹkún òjijì. Ibi tí o bá ń lọ, ọ̀nà á là fún ọ. Ẹni tí yóò fẹ́ ọ, kò ní fi ìdákẹ́jẹ́ bá ọ jà.

Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ, tó kọ́ ọ ní ìrìn, tí ìwọ sì kọ́ bí a ṣe ń di pẹ́ńsù mú.

Ọ̀rọ̀ tó kù: N kò tíì fi ìwé yìí ránṣẹ́ nígbà tí Sátidé dé. Mo bá a lọ. Ìdajì eré kò tíì pé tí góòlù kan ti wọ àwọ̀n wa. Ọkùnrin kan dìde, ó yí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sódì. Òmíràn dìde. Bàbá àgbà rẹ yí tirẹ̀. Súẹ́tà ni mo wọ̀ ní tèmi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, èmi alágbàfọ̀ ti bọ́ ọ, mo ti wọ̀ ọ́ sódì níṣojú gbogbo ayé, mo ń ké pé, "Ẹ fara balẹ̀!" Má bi mí nídìí, n kò mọ̀. Góòlù kò wọlé. Bí a ṣe wọ̀ ọ́ náà la wọ̀ ọ́ délé. Nínú yàrá, bàbá àgbà rẹ ní kí n gbọ́wọ́ sókè. Ó bọ́ súẹ́tà lára mi, ó yí i sójú rere, ó fi kọ́.