Iṣẹ́ Tí Mo Rí ní Àìsùn Ọdún Òdòdó

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Yantra,
Ruse.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹrin, 1998.

Dobrina, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo nǹkan lọ́hùn-ún? Ṣé ara rẹ le? Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Bàbá ńkọ́, ṣé àwọn oyin wọn la òtútù ọdún yìí já? Mo mọ̀ pé àsìkò tí àwọn àgùntàn ń bímọ nìyí, ọwọ́ rẹ kò ní dilẹ̀, torí náà mi ò bínú pé o kò tíì fèsì lẹ́tà mi ìṣáájú. Jọ̀ọ́, lọ kí ìyá mi àgbà fún mi kó o tó ka èyí tó kù, torí bí wọ́n bá gbọ́ pé lẹ́tà mi dé tí ẹnikẹ́ni kò kí wọn, wọn yóò bá ẹ jà. Ara tèmi yá. Ó yá ju bó ṣe rí nígbà tí mo kọ ti ìṣáájú lọ dáadáa.

Mo ti ríṣẹ́. Mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, kí n tó wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú lẹ́tà tí mo kọ nígbà òtútù, mo sọ fún ẹ pé kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbí. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ onídìrí, ìlú yìí ni wọ́n bí gbogbo wọn sí, wọ́n ti jọ ń ṣeré láti kékeré, bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èkejì á bá a parí ẹ̀. Èmi a jókòó sẹ́yìn, màá máa wo ẹ̀yìn orí wọn. Mo mọ ẹni tó ń gé irun iwájú orí ẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo mọ ẹni tó yí àwọ̀ irun padà nítorí ọmọkùnrin kan, tó sì ti ń kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yíjú sí mi, ohùn mi á sá lọ.

Irú ohùn yìí ni mo gbé kiri láti wá iṣẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni a ti ń ṣe ọdún kejì ẹ̀kọ́ wa, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí kò bá rí ọ̀gá tí yóò gbà á kí Ọdún Àjíǹde tó dé, kó máa palẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá rí, ilé ni màá padà sí, màá wá bá ẹ tọ́jú àgùntàn. Mo fẹ́ràn ẹ, Dobrina, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn àgùntàn tó bẹ́ẹ̀.

Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ṣọ́ọ̀bù wo lo ti ṣiṣẹ́ rí? Bí mo bá ní kò sí, wọn á ní kí n lọ ṣiṣẹ́ níbì kan ná kí n tó wá. Obìnrin kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí irun tó ń ṣe. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé orí àwọn oníbàárà mi lo fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?" Oníbàárà tó jókòó níwájú ẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ orí tèmi." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń ṣe nírú ibẹ̀, mo sì jáde.

Ṣọ́ọ̀bù Màdáámú Kameliya ni mo lọ gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ọjà ló wà, àga mẹ́rin ni wọ́n ní, ẹni tó ń lo àga kẹrin sì ti kó lọ sí Gíríìsì. Màdáámú kò bi mí ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Wọn kò bi mí ní orúkọ pàápàá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n yẹ èékánná mi wò bí ẹni tó ń ra ẹyin, wọ́n ní, "Wá ní Sátidé. Mú orí kan dání."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀gá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun, òun fúnra ẹ̀ ni yóò mú ẹni tí yóò ṣe irun fún wá. Ọ̀gá kì í fi oníbàárà ẹ̀ dán èèyàn wò. Petranka, àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tí ẹnu ẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì ẹ̀ lọ, ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wa. Ó ní, "Kó o sì mú orí tó nírun wá o. Èyí tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ẹ̀ ló mú wá."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Ìgbà tí mo dé ìta ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Níbo ni mo ti fẹ́ rí orí ní ìlú yìí?

Mo gbìyànjú. Mo bi Violeta, ọmọ tó ń jókòó níwájú mi ní kíláàsì. Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sátidé kẹ̀? Ọjọ́ kejì ẹ̀ l'Ọdún Òdòdó. Àǹtí mi ló ń ṣe irun mi." Ó tọ́. Ìwọ náà mọ bí ọjọ́ náà ṣe ń rí: ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ orúkọ òdòdó tàbí ti ewé ló ń ṣọdún orúkọ ẹ̀, àlejò sì ń ya wọlé láìpè. Ní abúlé wa, ìwọ̀nba èèyàn ni. Níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìlú. Mo bi onílé mi náà. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣe irun àwọn fúnra àwọn látìgbà tí ọkọ àwọn wà lójú ogun, àwọn kò sì rí ohun tó ṣe ọwọ́ àwọn. Mo rò ó títí bóyá kí n ránṣẹ́ pè ẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ìbá bá ẹ ṣọ́ àwọn ẹran náà?

Bí Sátidé ṣe dé nìyẹn tí mi ò lórí kankan. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo lọ. Mi ò lè wọlé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ fún Màdáámú pé ẹni tí mo fẹ́ mú wá ń ṣàìsàn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ojú mi fi là. Obìnrin kan wọlé, kò pẹ́, ó jáde, irun ẹ̀ wà bó ṣe wà. Òmíràn wọlé, òun náà jáde, ó ń kùn. Àwọn méjì kan tẹ̀ lé e, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni mo pè wọ́n, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Petranka ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ pé, "Kò sáyè, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó ti gbàyè sílẹ̀ nìkan là ń ṣe lónìí. Bí bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn bá wá gé irùngbọ̀n, wọ́n á dúró di Túsídé."

Mo wo àwọn obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń lọ. Gbogbo ìlú kún fún orí. Ọwọ́ ni kò tó. Èmi sì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọwọ́ méjì.

Màmá kan ló jáde tẹ̀ lé wọn. Màmá yìí kò kùn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kan, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ara wọn nínú gíláàsì ẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ irun mọ́ ẹ̀yìn etí òsì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á tún dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọdá títì.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá," ni mo wí, "mo fẹ́ yá orí yín."

Wọ́n yíjú sí mi. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ ṣe é lóge nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni tí mo lè mú wá."

"O ò mọ ẹnikẹ́ni. Èmi wá lo mọ̀?"

"Mo rí i pé wọ́n lé yín jáde ni."

"Ojú ẹ mú. Ta lo ti ṣe irun fún rí?"

"Ìyá mi àgbà, àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn, àti Dobrina ọ̀rẹ́ mi. Mo ti ṣe ti ìyàwó mẹ́ta lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn."

"Àwọn ìyàwó yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà nílé ọkọ?"

"Méjì wà níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta, irun kọ́ ló fà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fara ti mọ́tò onímọ́tò. "Temenuga ni wọ́n ń pè mí, orúkọ òdòdó ni," ni wọ́n wí. "Àwọn àna ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò sì lè gbé orí yìí lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Jẹ́ ká wọlé kí ẹ̀rù tó bà ẹ́."

Ẹ̀rù ti ń bà mí tipẹ́.

Petranka ló kọ́kọ́ rí wa. "Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé kò sáyè."

Màmá Temenuga bọ́ kóòtù wọn, wọ́n sì gbé e lé e lọ́wọ́. "Ìgbà yẹn, oníbàárà ni mí. Ní báyìí, orí ọmọ yìí ni mí."

Obìnrin kan tó wà lábẹ́ dráyà pariwo béèrè ohun tí wọ́n sọ, wọ́n sì ní láti tún un sọ fún un. Màdáámú Kameliya wo màmá, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá wò mí. "Mo ní kó o mú orí wá. Mi ò ní kó o ṣa èyí tí a dà síta."

"Ẹ ò sọ ibi tí màá ti mú un, mà," ni mo fèsì. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí àga kẹrin.

Bí mo ṣe ń fọ irun màmá ni ìka mi kan ibẹ̀. Àpá iná àtijọ́ kan wà lẹ́yìn etí òsì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, irun kankan kò hù níbẹ̀. Ara wọn le gbagidi lábẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń ṣe irun wọn tẹ́lẹ̀ máa ń yà á láti apá òsì, bí gbogbo èèyàn ṣe ń yà á, irun á wá dà sí apá ọ̀tún, ibi tí wọ́n fẹ́ bò á sì wà níhòòhò. Mo yà á láti apá ọ̀tún, lókè, kí gbogbo ẹ̀ lè ṣàn kọjá sí òsì.

Ìgbà tí mo fẹ́ ká a sí rólà ni wàhálà dé. Oògùn tó ń mú kí irun dúró ti tán, Petranka ti da ìyókù ẹ̀ sórí oníbàárà tiẹ̀. Ó gbé ìgò òfìfo hàn mí, ó ní, "Ní ṣọ́ọ̀bù tó o ti wá, kí lẹ máa ń lò?" Ó mọ̀ dájú pé mi ò ti ṣọ́ọ̀bù kankan wá.

"Bíà," ni mo dá a lóhùn.

Ìwọ náà mọ̀ pé òun ni ìyá mi àgbà ń lò fún gbogbo yín. Mo sáré lọ ra ìgò kan nílé ìtajà ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo ń bu ú sórí irun, ẹ̀rín gba ilé kan. Petranka ní, "Màmá, àwọn àna yín á rò pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọdún láti àná." Màmá Temenuga kò mira. Wọ́n ní, "Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ má dà á nù."

Kò sí dráyà tó ṣófo. Mo fi aṣọ wé orí wọn, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń ràn, bí a ṣe ń ṣe lágbàlá wa. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mu ìyókù bíà, wọ́n ń kí àwọn tó ń kọjá. Màdáámú jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ìka kan gbé etí aṣọ náà sókè, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n sì padà wọlé.

Nígbà tí mo tú àwọn rólà náà, irun dúró. Ó gbéra láti ọ̀tún, ó gba orí kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn etí òsì bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti fẹ́ lọ látilẹ̀. Màmá wo díńgí. Ọwọ́ wọn gòkè lọ sẹ́yìn etí, bó ṣe mọ́ wọn lára. Ó bá irun níbẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Fìlà tí wọ́n dé wá, inú báàgì ni wọ́n fi í sí. Mo mọ̀ pé Màdáámú Kameliya rí ọwọ́ náà, torí sísọ́ọ̀sì wọn dákẹ́ lẹ́yìn mi.

Kò pẹ́ tí màmá lọ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò àárọ̀ padà dé. Wọ́n ní àwọn pàdé ìyá kan lọ́jà tí irun ẹ̀ dára, tó sì ń rùn bíi bíà, àwọn fẹ́ ẹni tó ṣe é. Petranka ti la ẹnu láti sọ pé kò sáyè. Màdáámú ní, "Àyè wà. Àga kẹrin." Lẹ́yìn wọn, ẹlòmíràn tún dé. Mo ṣe irun wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Petranka fúnra ẹ̀ ló lọ ra bíà kún bíà, ó ń kùn lọ, ó ń kùn bọ̀.

Nígbà tí oníbàárà tó kẹ́yìn jáde, mo mú ìgbálẹ̀. Màdáámú jókòó, wọ́n bọ́ bàtà wọn. "Kí tilẹ̀ lorúkọ ẹ, ọmọ yìí?"

"Iglika."

Màdáámú àti Petranka wo ara wọn. Petranka ní, "Òdòdó ni ìyẹn kẹ̀."

"Òdòdó lòun náà bíi tèmi," ni Màdáámú wí. "Ọdún tiẹ̀ ni lọ́la, ó sì ti dúró láti àárọ̀ tó ń ṣe ẹlòmíràn lóge. Ta ló ń ṣe irun tìẹ?"

"Èmi fúnra mi, mà."

"Ó hàn," ni Petranka fèsì. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì tì mí sínú àga.

Màdáámú fúnra wọn ló fọ irun mi. Dobrina, látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn mí lórí. Mi ò mọ̀ pé àárò ẹ̀ ń sọ mí tó bẹ́ẹ̀. Ojú mi wà lókè, mò ń wo àjà, nígbà tí fóònù dún. Ọṣẹ kún ọwọ́ Màdáámú, Petranka sì gbé e sí wọn létí. Ohun tí mo gbọ́ nìyí:

"Túsídé? Tèmi ti kún. Ti Petranka náà ti kún. Kò burú, Iglika á ṣe é fún yín. Ẹ ò mọ Iglika? Iglika tiwa ni. Aago mẹ́sàn-án, ẹ má pẹ́ o."

Petranka gbé fóònù sílẹ̀. Màdáámú ń bá irun mi lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan fún mi nípa iṣẹ́, èmi náà kò sì béèrè.

Ọ̀la ni Túsídé. Mo ti fọ gbogbo kóòmù mi, mo ti tẹ́ wọn sójú fèrèsé kí wọ́n gbẹ. Bá mi kí màmá àti bàbá, àti àwọn ará ilé ìsàlẹ̀, kó o sì bá mi kí olùkọ́ wa àtijọ́ bó o bá rí wọn lójú ọ̀nà. Kọ̀wé sí mi, má jẹ́ kó pẹ́. Bó o bá fẹ́, kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sójú àpò ìwé, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa rí mi báyìí.

Tìrẹ ni mí níbikíbi tí mo bá wà,
Iglika.