Ọwọ́ Mi Nínú Àwo Jẹ́lì

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àjọkẹ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó wú ti ń rọlẹ̀? Akínkúnlé ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹni tó wà nínú rẹ ńkọ́, ṣé ó ń yí kiri? Mo kí i pẹ̀lú, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlódè ní kí ó rọra máa ta ọ́ nípàá, ilé kò jìnnà mọ́. Ọlọ́run tó fún un láyè níbẹ̀ ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a ó gbọ́ igbe rẹ̀, a ó sì gbọ́ ẹ̀rín tìrẹ.

Àwa náà wà ní àlàáfíà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, páànù ẹ̀yìnkùlé ń jò, mo ti gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ọlábísí tó ń gbé iwájú ilé wa ti ra jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ ni a fi ń sùn báyìí, òun fúnra rẹ̀ ní òun kò gbọ́ ariwo kankan. Mo jókòó kọ ìwé yìí fúnra mi nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, fóònù náà ló sì dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí lórí èyí tó ń fi ojú hàn, ẹ bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀wà ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí mo ń tà. Mo sáré wé gèlè nítorí mo rò pé gbogbo àdúgbò yín ní Ìbàdàn ló ń wò mí, mi ò rántí ọwọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, mo nu ọwọ́ sára ìró, mo padà sídìí ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kejì ni o sọ fún mi pé ọkọ rẹ ní nọ́ọ̀sì ni ẹ máa gbà tí yóò máa wẹ ọmọ, pé kí n wá lọ́jọ́ ìkómọ, kí n sì máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ kejì bí àwọn àlejò yòókù. Mo ní kò burú. Ó burú, Mojísọ́lá. Ó dùn mí wọra. Láti ìgbà tí o ti sọ pé o lóyún ni mo ti ra kàn-ìn-kàn-ìn tuntun àti ọṣẹ dúdú, mo dì wọ́n sínú báàgì, mo sì gbé báàgì náà sórí àpótí.

Ó dáa, o rántí Ìmísí, ọmọ yunifásítì tí mo fún ní yàrá iwájú. Iṣẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ohun kéékèèké ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ àròkọ lé e lórí, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ fi ṣe. Ó tọrọ ẹ̀wà lọ́wọ́ mi, mo ṣa èyí tó dára fún un, ó kó o sórí òwú tútù nínú ife, ó gbé e sójú fèrèsé. Mo bi í bóyá ilẹ̀ Ifẹ̀ ti tán ni tó fi ń gbin ẹ̀wà sórí òwú. Ẹ̀wà náà hù o! Gbòǹgbò jáde, ewé jáde, tíṣà rẹ̀ fún un ní máàkì tó pọ̀, ó sì ra búrẹ́dì wá fún mi pé ẹ̀wà mi ló ṣe é. Nítorí náà ó yé mi pé nínú iṣẹ́ tiwọn yìí, ohun tó bá hù ló yege.

Ìgbà tó yá ni ó gbé jẹ́lì dé. Ó dì bí ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara tí o fi lè rí ìdí àwo, inú àwo pẹlẹbẹ onídèérí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ó wà. Mo ní kí n tọ́ ọ wò, ó figbe ta. Ó ní kí n tẹ ìka mi sí ọ̀kan, bí mo ṣe wà nídìí ẹ̀wà gẹ́lẹ́, kí ìyá Ọlábísí tẹ tirẹ̀ sí òmíràn, òun náà sì tẹ tirẹ̀ lẹ́yìn tó ti fọwọ́. Ó dé wọn, ó kó wọn sínú páálí níbi tó móoru. Nígbà tó ṣí páálí, tèmi hù! Ó hù funfun, ó hù pupa rúsúrúsú, ó tún hu èyí tó dà bí òwú, ó kún àwo bámúbámú. Ti ìyá Ọlábísí kàn ṣe tóótòòtó. Ti Ìmísí fẹ́rẹ̀ẹ́ má hu nǹkan kan, mo bá a kẹ́dùn, mo ní kí ó má banú jẹ́, ọmọdé ṣì ni, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá gbó.

Ìwọ náà mọ̀ pé ohun tí mo bá gbìn kì í kú. Mo sọ fún gbogbo Ìlódè. Lọ́jọ́ Àìkú mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí, mo ní Ọlọ́run ti fi ìbùkún sí mi lọ́wọ́, yunifásítì pàápàá ti rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Ọlábísí nìkan ni kò pa á, ó ní èjìká ń dun òun.

Nígbà tí mo délé ni mo ní kí Ìmísí bá mi ya fọ́tò àwo náà, kí n fi ránṣẹ́ sí Akínkúnlé, kí ó lè rí irú ọwọ́ tí kò fẹ́ kí ó wẹ ọmọ òun. Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó wá fi sùúrù sọ fún mi pé ní ti ẹ̀wà, èyí tó hù ló dára, ṣùgbọ́n ní ti jẹ́lì, èyí tí kò hu nǹkan kan ló dára. Ó ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ló hù nínú àwo mi, pé kò sẹ́ni tí kò ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tèmi pọ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ́ ọmọ tuntun tí kò tíì já kò sì lè gbà á.

Mi ò lè jẹun. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí ló wẹ̀ ọ́, òun ló wẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Inú bí mi sí jẹ́lì, inú bí mi sí ọkọ rẹ, nítorí ó ti rí nínú fóònù ohun tí èmi kò rí nílé. Nígbà tó ṣe, ìbínú náà lọ, ẹ̀rù ló wá ń bà mí nítorí ọmọ inú rẹ.

Mo wá bi Ìmísí pé kí ni ènìyàn ń ṣe tí jẹ́lì kì í fi í hù. Ó ní kí n gé èékánná, kí n bọ́ òrùka. Òrùka tí bàbá rẹ fi fẹ́ mi, tí mi ò bọ́ rí, ọṣẹ ni a fi yọ ọ́. Mo fọwọ́ dé ọrùn ọwọ́, mo nù ún sára ìró bí ìṣe mi, mo tẹ jẹ́lì. Ó hù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìmísí ní ìró ló fà á. Nígbà kejì mi ò nù ún mọ́, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́, ìyá Ọlábísí ń kọjá, ó rò pé àdúrà ni mo ń gbà, ó ṣe àmín. Ìyẹn náà hù díẹ̀. Mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ èékánná, mo fi oògùn tí gbogbo wa ń fi pa ọwọ́ nígbà kòrónà pa á. A dé àwo. Mo ń lọ yọjú wò ó ṣáá. Kò hù. A tún fi í sílẹ̀, kò hù. Mojísọ́lá, mo jó! Ìmísí ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú àròkọ rẹ̀, mo ní tó bá fẹ́ kọ orúkọ mi, kí ó kọ ọ́ síbi tí kò hù.

Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá gbé páálí kan dání. Àwo méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo kọ orúkọ mi sí ni tèmi. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Kí nọ́ọ̀sì yín tẹ tirẹ̀ sí i, kí Akínkúnlé gbé e síbi tó móoru, kí ó wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mi ò bá a jà o. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ kí a tó bí i.

Owó ọkọ̀ ló kù, àti owó ọṣẹ, nítorí ọṣẹ ń yára tán nílé yìí báyìí. Má fi í sí báǹkì. Ẹ̀rọ wọn ní kí n mú nọ́ńbà àṣírí mi wá, èrò tò sẹ́yìn mi, mo rọra sọ ọ́ sí i létí, kò dáhùn, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi ló ní òun ti gbọ́. Fi í rán awakọ̀ náà.

Ọlọ́run yóò dúró tì ọ́ lọ́jọ́ náà, ara rẹ yóò fúyẹ́, ọmú rẹ yóò kún, ọmọ náà yóò dàgbà sójú gbogbo wa. Tí o bá ṣí àwo mi tí o kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀, má pe awakọ̀ lólè. Ọwọ́ mi nìyẹn. Fi han ọkọ rẹ, kí ó sọ ọjọ́ tí mo lè máa bọ̀ wá wẹ ọmọ.

Èmi ni ìyá rẹ.