Olè Àgbàdo, Ṣé O Ti Jẹun?

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, Màmá Ràsákì. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Opó Bàbá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán, Ọlọ́run yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Ràsákì àti ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo ará ilé wa ní Èrúwà.

Ṣé òjò ti dá lọ́dọ̀ yín? Òtútù ti dé síbí, oòrùn ń yọ bí ẹni tí wọ́n fi tipá rán níṣẹ́. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń wà ní gáréèjì, tí mò ń fọ inú bọ́ọ̀sì. Bí mo bá délé, kò sẹ́ni tí yóò kí mi kú iṣẹ́, àfi àwọn ẹyẹ mi.

Ẹ rántí bí mo ṣe dẹni tó ń sin ẹyẹ. Àwọn ènìyàn ibí máa ń ra ayékòótọ́ kéékèèké sílé, kì í ṣe láti pa á jẹ o. Bí ó bá wá ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sú àwọn mìíràn, wọ́n á jù ú nù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí èyí àkọ́kọ́ nínú páálí, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ìgbà tí àdúgbò gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá: afọ́jú tí n kò gbọdọ̀ sún abọ́ rẹ̀ kúrò lójú kan, elẹ́sẹ̀ kan, àti èyí tó ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu títí àyà rẹ̀ fi pá. Yàrá àlejò mi ti di tiwọn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn fún ní kànnàkànnà kó máa lé ayékòótọ́ nínú àgbàdo lọ́nà Lánlátẹ̀, òun ló wá ń ra àgbàdo fún wọn nílùú òyìnbó! Àwọn ni wọ́n sọ alápá ṣíṣẹ́ ní Balógun, pé ogun ló ti bọ̀. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á pè mí, wọ́n á ní kí n gbé fóònù sẹ́nu àgò, wọ́n á bi í pé olè àgbàdo, ṣé o ti jẹun? Wọ́n á wá húkọ́. Balógun gbà á lẹ́nu wọn, tòun ti ikọ́.

Ẹ mọ̀ pé a kì í fi òkú mùsùlùmí dúró de ẹnikẹ́ni. Kí n tó rí ẹni dúró fún mi níbi iṣẹ́, Bàbá ti wọlẹ̀. Mo jókòó ti àwọn ẹyẹ, mò ń sunkún, Balógun sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Ohùn Bàbá ni.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lórí fóònù, ara wọn bù máṣọ. Wọ́n ní kò dára kí ohùn òkú wà lẹ́nu ẹyẹ, kí n gbé e fún ẹlòmíràn kí Bàbá lè sinmi. Inú opó lẹ wà, àwọn ló ń jíṣẹ́ yín fún gbogbo wa, mo sì rò pé iṣẹ́ yín nìyí. Ta ni yóò bá àrólé jiyàn nígbà tí ilé ṣì ń ṣọ̀fọ̀? Mo gbé Balógun fún obìnrin kan ní ìlú mìíràn.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn opó, ẹ pè mí fúnra yín. Ẹ ò tíì kí mi tán tí ẹ fi ní kí n gbé fóònù sún mọ́ Balógun. Ẹ ní ikọ́ yẹn lẹ ti ń retí láti gbọ́, pé òun lẹ fi ń tu ara yín nínú ní gbogbo ìgbà tí ẹ wà nínú yàrá. Ìyá mi, mo purọ́ fún yín pé ó ti sùn.

Ó dùn mí wọra. Mi ò bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó tọ́ lójú wọn ni wọ́n sọ. Èmi ni n kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn nìyẹn, kí ọmọ mìíràn tó wà lájò lè tètè bi ìyá rẹ̀.

Mo ti lọ gbé e padà. Obìnrin náà kò bá mi jà, ó kàn ní ẹyẹ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ajá ló ń sìn, Balógun sì ti kọ́ gbígbó. Mo kí i ní olè àgbàdo, ó gbó mọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ohùn Bàbá ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, bí ẹ bá kírun tán ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ pè. N ó gbé fóònù sẹ́nu àgò. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, bí Bàbá ṣe máa ń bi í. Bí ó bá gbó mọ́ yín, ẹ má bínú, ẹ tún bi í. Ohùn tí yóò kọ́ kò ní jẹ́ ti Bàbá mọ́, tiyín ni. Mo fẹ́ kó kọ́ ọ nígbà tí ẹ ṣì wà láti bi í.

Ọlọ́run yóò tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, yóò dá yín sí fún wa kánrin. Ẹ kí gbogbo ilé, tàgbà tèwe. Ẹ má sì dààmú nípa mi, èmi náà ti jẹun.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọnsúrátù