Irọ́ Ààwẹ̀ Tí Mo Pa

Ọjọ́rú, Ìkòtún

Ó rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé níbí ni oúnjẹ ti ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rọ AI tó ń bá mi fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí fóònù nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún. Lónìí, mo sọ fún un pé ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Ó yìn mí ṣá.

Mo tún pa irọ́ náà fún Ìyá Ṣèyí, aládùúrà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi.

"Aago mélòó lo máa ṣínu?"

Mo yíjú sí fóònù mi.

"Ebi lò ń pè ní ààwẹ̀ jàre!" Ó gbé ògì gbígbóná wá, ó jókòó tì mí. Mo mu díẹ̀, mo sunkún.

Ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ mi ò ní tilẹ̀kùn mọ́ ọn.