Ẹ̀bẹ̀ Lórí Okùn Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Ìsọ̀yè

Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Òkè-Ìmọ́lẹ̀,
Ẹ̀bá Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1911.

Alábẹ̀wò Àgbà fún Ilé-Ẹ̀kọ́,
Ọ́fíìsì Ìjọba,
Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ORÚKỌ MI TÍ A YỌ KÚRÒ NÍNÚ ÌDÁNWÒ

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé ọmọ kíláàsì kìíní bíi tèmi gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya.

1. Nígbà tí mo dé láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá kò dúró lórí mi. Bí mo bá kà wọ́n lówùúrọ̀, wọ́n á ti lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbà pé olódo ni mí. Ìyá mi, Àyìnkẹ́, tí kò mọ̀wé, ló sọ fún mi pé, "Ohun tí orí rẹ kò bá gbà, gbé e lé ọwọ́ rẹ. Ṣé àwa kì í pa àrokò ni?"

2. Ni mo bá wá okùn. Fún ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìlàjà, mo so owó ẹyọ méjì tí wọ́n dojú kọra. Fún ìkórìíra, mo so méjì tí wọ́n kẹ̀yìn síra. Fún ìforítì, àfọ́kù ìkarahun ìgbín. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án, ọgọ́rin ọ̀rọ̀ ti wà lórí okùn náà.

3. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣọlá, rí i lábẹ́ ẹní mi. Ó mọ̀ pé oníṣàngó ni bàbá mi. Ó pariwo pé, "Ìsọ̀yè rèé! Oògùn ni ọmọ yìí fi ń mọ̀wé!" Ó gba okùn náà, ó yọ orúkọ mi kúrò nínú ìdánwò, ó sì kọ̀wé ránṣẹ́ sí yín.

4. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dán mi wò láìsí okùn lọ́wọ́ mi. Mo dúró níwájú gbogbo kíláàsì. Ó bi mí ní ọgọ́rin ọ̀rọ̀. Mo túmọ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ní, "Bóyá ó ti gbé oògùn náà mì." Kareem, ọ̀rẹ́ mi, dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà, ẹ ní kí ó bu tiwa fún wa!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà sì rẹ́rìn-ín.

5. Láti ọjọ́ náà, àwa mọ́kànlá la ti ń so okùn. Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣọlá dá tèmi padà, ó sì ní kí n kọ́ òun, nítorí ìdánwò ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé tí òun kọ ti kúrò lọ́wọ́ òun, ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá orúkọ mi padà.

Ìdánwò wa yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kejìlá. Ẹni tí kò bá ṣe é, ilé ló ń lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá orúkọ mi padà kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ránṣẹ́ pè mí. N ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ yòówù tí ẹ bá bi mí, n ó dáhùn.

Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ́tà yìí má ṣe kọjá orí tábìlì yín. Kì í ṣe nítorí tèmi. Ọ̀rọ̀ kejìlá nínú ọgọ́rin ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣọlá ṣì wà, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí àwọn ọmọ kíláàsì má gbọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ìtẹríba,
Ládèjọ Ṣàngówùnmí,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní.