Ọkọ Mi, Ṣúgà Rẹ̀ àti Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Àǹtí Ṣìkẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí fóònù ni mo ti máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò ní Onitsha níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Oúnjẹ ni mò ń tà ní páàkì kan ní Iweka Road. Páàkì yìí kan náà ni ọkọ mi ti ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ń gba abẹ́rẹ́ sí i, àmọ́ kì í fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò kó tó wakọ̀, kí ọ̀gá wọn má baà rí i kó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tí ṣúgà bá ti fẹ́ lọ sílẹ̀, ara òun á gbọ̀n, òun á sì tètè mu míníràlì.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a jókòó, à ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ̀n, kò làágùn. Mo kàn ní kó jẹ́ kí n gún ìka rẹ̀ wò ni. Ṣúgà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní, "Irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí." Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ló wà tó fi dákú.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí mo bá sọ fún ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, kò sì ní dárí jì mí. Tí mo bá dákẹ́, èrò inú ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tó pọnmọ ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni bọ́ọ̀sì Ìbàdàn?" Mo nawọ́ sí ti ọkọ mi. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, wọn ò tíì dé Ìbàdàn.