Ẹ̀ka Ṣọ́ọ̀bù Rédíò Tí Mo Ṣí Sílé

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, 1975

Àkàngbé ọmọ mi,

Mo ti ṣí ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù rẹ síbí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ṣí i sí, níbi tí ìyá rẹ ń kó igi ìdáná sí tẹ́lẹ̀, rédíò mẹ́fà ló sì ti wọlé.

Lẹ́yìn èyí, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òjò Èkó kò jò wọ ṣọ́ọ̀bù? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, gbogbo ará ilé ní kí n kí ọ. Ọlọ́run tó mú ọ kọ́ṣẹ́ yege kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣe àṣedànù. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, a ti mọ ògiri ilé ìdáná tó wó, àbúrò ìyá rẹ tí ara rẹ̀ kò yá sì ti ń jẹun. Ilé dára. Èmi nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. A rí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Sábó ní Yábà, a rí pátákó tí o gbé kọ́ síwájú rẹ̀, a rí àwọn rédíò tó tò sórí pẹpẹ bí ẹyẹlé, a sì dúpẹ́. Ìgbà tí mo wá yí ẹ̀yìn fọ́tò wò, mo rí ohun tí o kọ síbẹ̀: "Èmi àti Bàbá lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù." Mo tún yí i padà. Mo gbé e jáde sí ojú oòrùn, mo wò ó títí, n kò rí ara mi níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ, Jethro, tó kọ́ ọ níṣẹ́, ni mo rí, tó gbé ọwọ́ lé ọ léjìká bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ ní ìrìn. Ìyá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Èkó ṣe máa ń pe ọ̀gá wọn ní bàbá, kí n má bínú. Mo ní n kò bínú. Mo kàn bi í pé kí ni wọ́n wá ń pe ìyàwó ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà ni òun náà kò ti jẹun dáadáa mọ́.

Lẹ́tà tí ọ̀gá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí wa ló tún dùn mí jù. Ó ní ọmọ dáadáa ni ọ́, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pè ọ́ ní Àkàngbé nínú rẹ̀. Ta ló sọ oríkì rẹ fún un? Ìyá mi ló fi Àkàngbé kí ọ lọ́jọ́ kẹjọ tí a bí ọ, ẹnu rẹ̀ kò sì pé eyín mẹ́rin nígbà náà. Bí ọkùnrin náà bá ń wá orúkọ tí yóò máa pè ọ́, o ní orúkọ ìsàmì, ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa lo ìyẹn.

O tún ní báńkì fún ọ ní fọ́ọ̀mù, pé kí o kọ orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́ dáadáa síbẹ̀, o sì kọ ti Jethro. Ọdún márùn-ún péré ni ọkùnrin yìí fi mọ̀ ọ́! Ṣé ó mọ̀ pé o ń jẹ yẹ̀pẹ̀ títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin? Ṣé ó mọ ẹsẹ̀ tí àkekèé ti ta ọ́? N kò fẹ́ kí irọ́ wà nínú ìwé ìjọba, nítorí náà mo wọ agbádá, mo lọ sí ẹ̀ka báńkì yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n lè tún un ṣe. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn irin bèèrè nọ́ḿbà àkáǹtì mi. Mo ní n kò ní àkáǹtì, ọmọ ni mo ní. Ó ní Yábà ni fọ́ọ̀mù náà wà. Mo ní ṣebí ilé kan náà ni yín, kí ó ké sí wọn láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín. Mo ṣáà rọra ròyìn ti àkekèé náà fún un kí ó lè kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó kọ ọ́, nítorí kò mú gègé.

Ọ̀nà ilé ni mo ti rò ó pé bí báńkì bá lè ní ẹ̀ka, ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi náà lè ní ẹ̀ka. Ọ̀gá ní ibi tirẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ, bàbá náà yóò ní ibi tirẹ̀. Mo bẹ Tíṣà Christopher, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó fún mi: "Àkàngbé Oyèwọlé àti Bàbá Rẹ̀ Gan-an, Atúnrédíòṣe, Sábó àti Ilé."

O mọ̀ pé láti ìgbà tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ti jáde ni kò ti sí tíṣà tí kò ra rédíò níbí. Ti Christopher ló kọ́kọ́ wọlé, ohùn rẹ̀ ti há. Lóòótọ́ n kò kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohunkóhun tó bá wà nínú àpótí, ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sá a sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ ìyá rẹ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Nígbà tí Christopher ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ó sọ̀rọ̀ ketekete, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Jethro lo ọdún márùn-ún kí ó tó kọ́ ọ tán, èmi lo ọ̀sán kan. N kò fi yangàn, mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Ti Baálẹ̀ ni kò bọ́ sí i. Rédíò tirẹ̀ tóbi, mo sì sá a fún ọjọ́ méjì kí ó lè gbẹ dénú. Ní ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti yọ́, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń tòògbé. Baálẹ̀ bi mí pé ṣé a sá rédíò òun ni tàbí a dín in. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti olú ilé iṣẹ́ ní Sábó. Mo kó márààrún tó kù sínú apẹ̀rẹ̀, mo da èlùbọ́ sí àárín wọn kí wọ́n má baà máa kọlu ara wọn, mo sì gbé wọn fún Àmúsà onílọ́ọ̀rì lọ́jọ́ Ajé. Fọ́tò mi ló wà lókè pátápátá. Gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá rẹ. N kò ní kí o yọ tirẹ̀ kúrò, èmi kì í ṣe òṣìkà. Kí tèmi ṣáà fi ìka méjì ga jù ú lọ.

Fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, nítorí òjò ti fọ orúkọ rẹ kúrò lára pátákó, ó wá ku Bàbá Rẹ̀ Gan-an nìkan. Fi owó bẹ́ǹṣì kan sí i fún àwọn oníbàárà, nítorí orí odó ni wọ́n ń jókòó sí. Bí owó kò bá sí, ìwọ fúnra rẹ wá. Kérésìmesì méjì léra wọn ni o ti lò nílé ọ̀gá rẹ, adìyẹ tí ìyá rẹ sì ń sìn dè ọ́ ti di ìyá àgbà.

Ọlọ́run yóò sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ kan di mẹ́wàá. Iná kò ní gbé ọ. Ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù, wàá sì wà nínú fọ́tò rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèwọlé

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa kí Àmúsà tó dé láti Èkó. Ó ní àwọn rédíò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, pé o ti jáde lọ ra nǹkan, ọ̀gá rẹ ló sì tú apẹ̀rẹ̀. Ó ní ó gbọn èlùbọ́ kúrò lára ti Baálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bí òun ṣe lè rí ààyè níwájú lọ́ọ̀rì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé òun fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá ẹ̀ka. Kí ó máa bọ̀. A kì í lé àlejò. Mo bi Àmúsà pé ṣé ààyè ẹnì kan ni ọkùnrin náà gbà tàbí ti ẹni méjì. Ó ní akọ̀wé gáréèjì Ìdó ní Èkó ló kọ ọ́ sílẹ̀, òun kò wo ìwé rẹ̀. Ó ń padà lọ ní kùtùkùtù ọ̀la, ó sì ní òun yóò bèèrè.